Bí a ṣe ń fún ẹ́límẹ́ǹtì tuntun ní orúkọ: ìtọ́nà láti kíláàsì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní sáà tó kọjá, mo fún àwọn ọmọ SS2 tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí oníkálukú wọn wá orúkọ àti àmì (lẹ́tà tí a fi ń gé orúkọ náà kúrú) fún ẹ́límẹ́ǹtì 119, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, kí ó sì kọ ojú ìwé kan tí yóò fi ṣàlàyé ìdí tí orúkọ náà fi yẹ. Ìwé tí wọ́n dá padà dùn ún kà. Àwọn kan mú orúkọ ìlú wá, àwọn kan mú orúkọ òrìṣà, ẹnì kan tilẹ̀ fi orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà tí ń ta gàárì sí i. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì wọn tí ó kọsẹ̀ síbì kan náà: wọ́n ti fẹ́ràn orúkọ tán kí wọ́n tó rántí pé ó gbọ́dọ̀ ní àmì, nígbà tí wọ́n sì dé ìdí àmì, wọ́n bá ẹlòmíràn lórí ìjókòó.

Èmi náà jókòó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí mo gba ìwé wọn, mo sì rí i pé kí a rìn ín láti ẹ̀yìn wá síwájú ni ó rọrùn jù: kí a mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsọmọlórúkọ náà, kí a wo àmì tí ó ṣì ṣófo, kí a tó wá jẹ́ kí ọkàn wa fà sí orúkọ kan. Ìtọ́nà yìí wà fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fún kíláàsì rẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì wà fún ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Rẹ́mọ tí ó lè bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú yàrá ìwádìí tí nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó lè sọ ọ́ lórúkọ

Iye prótọ́ọ̀nù, àwọn hóró kékeré tí ó wà ní kókó átọ́ọ̀mù, ni ó ń sọ irú ẹ́límẹ́ǹtì tí ó jẹ́, òun náà ni a sì fi ń ṣe nọ́mbà rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ti haidírójìn, 79 ni ti wúrà, 118 sì ni ti oganesson tí ó jókòó sí ìparí àtẹ tí a to gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì sí lónìí. Àwọn tí ó wúwo tó báyìí kì í sí nínú ilẹ̀ tí a ó wà wọ́n jáde. Àfi kí a fi ẹ̀rọ ńlá ti átọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ kan sáré kí ó lọ kọlu èyí tí ó wúwo, kí kókó méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan. Kálísíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọta tí wọ́n yìn nígbà tí wọ́n ń wá 114 títí dé 118 ní ìlú Dubna ní Rọ́ṣíà. Kálísíọ́ọ̀mù yìí kan náà ló kún inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù fún sìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n nínú 1000 átọ́ọ̀mù rẹ̀, èyí tí ó wúwo tó 48 tí wọ́n ń lò kò pé 2. Ṣíṣà á jáde láàárín àwọn yòókù ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ẹni tí ó bá rí ẹ́límẹ́ǹtì ni ó ń dábàá orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń fi orúkọ náà múlẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì, tí a mọ̀ sí IUPAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, ni ó ní àṣẹ yẹn. Òun àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì, IUPAP, ni wọ́n jọ ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò ka ẹ̀rí. Ìgbìmọ̀ náà yóò béèrè bóyá kókó tuntun náà wà pẹ́ tó láti jẹ́ átọ́ọ̀mù lóòótọ́, nítorí pé èyí tí kò bá pé ìdá kan nínú 100 tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, wọn kò ní kà á sí ẹ́límẹ́ǹtì rárá. Wọ́n á tún wo bóyá ọ̀nà tí ó gbà fọ́ sí wẹ́wẹ́ já sí nǹkan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí i.

Ẹ má ṣe fojú kéré ìpele yìí. Ní ọdún 1999, yàrá ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà kéde pé òun ti rí 118. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, nítorí pé ẹ̀rí náà kò dúró. Ẹgbẹ́ Kosuke Morita ní iléeṣẹ́ ìwádìí Riken, ní orílẹ̀-èdè Japan, lo ọdún mẹ́sàn-án lórí 113, wọ́n ń fi síńkì kọlu bísímọ́ọ̀tì lójoojúmọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sì rí kó jọ jẹ́ átọ́ọ̀mù mẹ́ta: ọ̀kan ní ọdún 2004, ọ̀kan ní 2005, ẹ̀kẹta ní 2012. Átọ́ọ̀mù mẹ́ta péré ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ ìsọlórúkọ, ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2015.

Ti 117 pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Yàrá ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe berkelium, ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ yin kálísíọ́ọ̀mù lù, 22 mílígíráàmù, ohun tí ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 330. Wọ́n dì í, wọ́n gbé e sínú bàálù lọ sí Rọ́ṣíà, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ ní ìwé rẹ̀ kò pé, wọ́n dá a padà, wọ́n tún gbé e lọ, wọ́n tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹrù kan ṣoṣo náà kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì, tí ó sì ń dín kù bí ó ti ń fò. Ẹni tí ó bá ti dúró de ẹrù rí ní Àpápá yóò mọ irú ọkàn tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn ní. Clarice Phelps, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n fọ berkelium náà mọ́. Ṣáájú rẹ̀, James Andrew Harris, adúláwọ̀ bákan náà, wà nínú ẹgbẹ́ tí ó ṣiṣẹ́ lórí 104 àti 105. Mo máa ń rí i dájú pé àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì.

Kí orúkọ tó dé: pípe ọmọ ní ìkókó

Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ìkókó ni gbogbo ilé ń pe ọmọ. Ẹ́límẹ́ǹtì náà ní orúkọ ìkókó tirẹ̀, nọ́mbà rẹ̀ ni a sì fi ń ṣe é. Nil dúró fún 0, un fún 1, bi fún 2, tri fún 3, quad fún 4, pent fún 5, hex fún 6, sept fún 7, oct fún 8, enn fún 9. Ẹ tò wọ́n bí nọ́mbà náà ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi -ium kún un. Báyìí ni 119 ṣe di ununennium, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Uue, tí 120 sì di unbinilium, Ubn. Bí bi tàbí tri bá ṣáájú -ium, ẹ yọ i kan kúrò, kí 123 lè jẹ́ unbitrium. Lẹ́tà mẹ́ta ni àmì ìkókó máa ń ní. Ti orúkọ gidi kì í ju méjì lọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni a sì ń kọ ní ńlá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi 126 dánra wò, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ibi tí orúkọ ti lè wá

Ìlànà tí IUPAC tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fàyè gba orísun márùn-ún: ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn òrìṣà àti akọni, pẹ̀lú àwọn ohun tí ó wà lójú ọ̀run, òkúta tàbí ohun mìíràn tí ó jọ ọ́, ìlú tàbí agbègbè, ìwà ẹ́límẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀, àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí kò bá sí nínú márùn-ún yìí, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ìyá àgbà tí ń ta gàárì kò sí níbẹ̀, bí ó ti wù kí gàárì rẹ̀ kan tó. Ọmọ kan kọ “awujalium”, mo sì ní láti sọ fún un pé orí adé kò sí nínú àtòjọ náà, bí kò ṣe pé kábíyèsí náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2016, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi orúkọ gbajúgbajà olórin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tuntun. Òǹkà ìbò kò ṣe nǹkan kan fún un.

Òrìṣà ti wà nínú àtẹ láti ìgbà pípẹ́. Thor, ẹni tí ń sán àrá fún àwọn ará àríwá Yúróòpù, ni ó fún thorium ní orúkọ. Ṣàngó wọn nìyẹn. Ìwà náà ti bí orúkọ tí ó dùn: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọ̀lẹ ni argon, nítorí pé kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, òórùn burúkú sì ni bromine túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fún àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí ó kù, nítorí pé ohun tí kò pé ìṣẹ́jú-àáyá kan láyé, ta ni yóò gbóòórùn rẹ̀, ta ni yóò rí àwọ̀ rẹ̀? Ní ti ènìyàn, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá a lè fi orúkọ ẹni tí ó wà láàyè sọ ẹ́límẹ́ǹtì. Glenn Seaborg wà láàyè nígbà tí seaborgium fìdí múlẹ̀ ní 1997, Yuri Oganessian náà sì wà láàyè nígbà tí wọ́n gba oganesson, nítorí náà ìdíwọ́ yẹn ti kúrò. Ohun tí kò tíì sí ẹni tí ó ṣe ní gbangba ni kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kan Lecoq de Boisbaudran, ẹni tí ó rí gallium ní 1875, nítorí pé àkùkọ ni “le coq” ní èdè Faransé, àkùkọ náà sì ni “gallus” ní èdè Látìnì. Ó ní rárá o, Gallia, orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ Faransé, ni òun ní lọ́kàn. Ẹ̀yin ni ẹ ó mọ bí ẹ ó bá gbà á gbọ́.

Orúkọ ibùgbé ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tiwa, ẹ̀rí sì wà fún un. Abúlé kan ní Súwídìn, Ytterby, tí wọ́n ti ń wa òkúta, ni ó fún ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́rin ní orúkọ: yttrium, ytterbium, terbium àti erbium. Abúlé kan ṣoṣo! Kò sì sí ìlú tàbí agbègbè kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà nínú àtẹ náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ nìkan ni a lè lò, kí ó wo polonium. Paris ni Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ ti rí i ní 1898, ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ ìbí Marie, Poland, ni wọ́n fún un, ní àkókò tí ilẹ̀ náà kò sí lórí máàpù ayé nítorí pé àwọn alágbára mẹ́ta ti pín in mọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ tí ó rí 119 ní Japan tàbí ní Amẹ́ríkà lè di àpẹẹrẹ yẹn mú. Ohun tí kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ní ìlú, wọ́n sì ní ẹnu.

Àmì ni kí ẹ fi sanwó ìlẹ̀kùn

Ẹ mú àtẹ náà sọ́wọ́, kí ẹ sì kọ gbogbo àmì tí wọ́n ti lò sórí tákàdá kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú orúkọ tí ó wà lọ́kàn yín, kí ẹ fi lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ so pọ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì wò ó bóyá ọ̀kankan ṣófo. Ibí yìí ni kíláàsì mi ti sunkún.

Ògún ni ó pọ̀ jù nínú ìwé wọn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé ta ni ó tún bá irin rẹ́ tó o? Ṣùgbọ́n Og ti di ti oganesson láti 2016, O nìkan sì jẹ́ ti ọ́síjìn. Ọ̀ṣun fẹ́ Os, ó bá osmium níbẹ̀. Olókun sàn jù wọ́n lọ, nítorí pé Ol ṣófo, àwọn ará etí omi sì ní ìdí láti mú un wá. Ẹnì kan mú Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wá, mo sì kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí pé èmi obìnrin tí n kò gbọdọ̀ fi ojú kan Agẹmọ ni wọ́n ní kí n wá máàkì rẹ̀. Mo wo àmì: Ag jẹ́ ti fàdákà, Am jẹ́ ti americium, Ae àti Ao ni ó kù. Wọ́n ṣe é lò, ṣùgbọ́n wọn kò lè rán ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ létí Agẹmọ.

Rẹ́mọ ni ó dùn mí. Re ti di ti rhenium láti ọdún 1925. Rm ṣófo, a sì lè kọ “remium”, ṣùgbọ́n ẹ pe rhenium àti remium léra wọn kíákíá, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára, ẹ ó sì rí ohun tí ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ orúkọ ni kí ó yà nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan. Èyí tí etí lè ṣì gbọ́ bí òmíràn kò tíì ṣe iṣẹ́ náà. Ṣágámù wá ńkọ́? Sg jẹ́ ti seaborgium, Sm jẹ́ ti samarium, Sa sì ni àmì tí àwọn ìwé àtijọ́ ń lò fún samarium yìí kan náà kí wọ́n tó yí i padà sí Sm. Su nìkan ni ó kù, ta ni yóò rí Su tí yóò rántí Ṣágámù?

Ọ̀rọ̀ àmì àtijọ́ yìí kì í ṣe àṣejù mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní Jámánì fẹ́ fi orúkọ Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀ àtijọ́, sọ 112 ní ọdún 2009, Cp ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Àwọn kan tọ́ka sí i pé Cp ti jẹ́ àmì cassiopeium rí, orúkọ kan tí àwọn kan ń pe lutetium tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣì ń fi Cp gé orúkọ ohun mìíràn kúrú títí di òní. Wọ́n yí i sí Cn, wọ́n sì fi múlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2010, ọjọ́ ìbí Copernicus. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo ìkọlura ni ó ń pa àmì. Nígbà tí Ts jáde fún tennessine, àwọn onímọ̀ kan ké pé Ts ti wà fún tosyl, ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù kan tí wọ́n máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Ac náà ń ṣiṣẹ́ méjì, fún ẹ́límẹ́ǹtì actinium àti fún ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù acetyl, kò sì sí ẹni tí ó ṣìnà. Ọgbọ́n inú ni ó kù níbẹ̀.

Mo wá padà sí Ìjẹ̀bú. I jẹ́ ti áyódìn. Ib ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn ìwé kẹ́mísírì àtijọ́ tí ó ṣì wà lórí pẹpẹ mi ń pe ọ̀wọ́ bàbà, fàdákà àti wúrà ní IB. Ij ni mo fi ọwọ́ mú. Nínú gbogbo àmì 118 tí ó wà lórí àtẹ, lẹ́tà méjì ni kò farahàn rárá: J àti Q. Bí Ij bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé J wá síbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kọ sínú ìwé àbá láìtijú.

Ìparí orúkọ, àti ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀

Nílẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìdílé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó tàbí Odù, ọkàn rẹ̀ á ti máa lọ sí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kí ó tó gbọ́ ìyókù. Ìparí ni àwọn ẹ́límẹ́ǹtì fi ń ṣe tiwọn. Èyí tí ó bá bọ́ sí ọ̀wọ́ (ìlà tí ó dúró lóòró) 1 títí dé 16 lórí àtẹ yóò gba -ium, ti ọ̀wọ́ 17 yóò gba -ine, ti ọ̀wọ́ 18 yóò gba -on. Ìdí nìyẹn tí a fi ní tennessine àti oganesson, tí nihonium àti moscovium sì ń jẹ́ -ium. Helium nìkan ni ó ń ba ojú ọ̀wọ́ 18 jẹ́, nítorí pé inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 1868, wọ́n sì rò pé irin kan ni. Ọ̀wọ́ 1 ni 119 yóò bọ́ sí, ọ̀wọ́ 2 ni 120. -Ium ni ti àwọn méjèèjì.

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbé lọ sí èdè mìíràn, àmì ohùn kò sì ní bá a rìn. Ẹ fara mọ́ ọn kí ẹ má baà jà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Röntgen, onímọ̀ físíìsì, fúnra rẹ̀: àmì tí ó wà lórí o rẹ̀ di oe, ó di roentgenium. Ìjẹ̀bú yóò di ijebu, ẹ̀ yóò di e, bí ó tilẹ̀ dun ni, tí -ium bá sì wọ̀ ọ́, a di ijebium. Èyí ni ó jẹ́ kí n lòdì sí fífi Òde kún un, nítorí pé bí àmì bá ti kúrò lórí rẹ̀, kò sí ohun tí yóò sọ fún àlejò bóyá òde ni, tàbí ọdẹ. “Gb” náà yóò fún wọn ní wàhálà, nítorí náà mo gba àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó níyànjú kí wọ́n ṣe sùúrù.

Orúkọ tí ó ti ṣí lọ́wọ́ kò ṣe é tún lò

Nígbà ìsọmọlórúkọ nílẹ̀ wa, bàbá yóò sọ tirẹ̀, ìyá yóò sọ tirẹ̀, ìyá bàbá yóò ju owó sínú abọ́ omi kí ó sì pe èyí tí ó wù ú, ọmọ yóò sì jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì kò lè jẹ́ méjì. A rí i nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe 104 ní kurchatovium tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní rutherfordium, tí 105 sì ń jẹ́ nielsbohrium níbì kan, hahnium níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ fi ń yàtọ̀ síra láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. IUPAC dá sí i ní 1994, àbá wọn tún dá ìjà tuntun sílẹ̀, ọdún 1997 ni ọ̀rọ̀ tó tán: rutherfordium fún 104, dubnium fún 105. Hahnium já sílẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́ láéláé, nítorí pé ìlànà sọ pé orúkọ tí ó ti jáde rí fún ẹ́límẹ́ǹtì kan, tí wọn kò gbà, a kò gbọdọ̀ fún òmíràn, kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé àtijọ́ má baà rò pé nǹkan kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ wá inú ìtàn kí ẹ tó kọ̀wé. Àwọn ará Japan mọ èyí dáadáa. Ní 1908, Masataka Ogawa kéde pé òun ti rí 43, ó pè é ní nipponium, Np. Kò rí bẹ́ẹ̀, orúkọ náà bàjẹ́, neptunium sì gba Np lẹ́yìn náà. Nígbà tí 113 dé ọwọ́ wọn, wọn kò lè fi nipponium sọ ọ́. Oríire wọn ni pé orílẹ̀-èdè wọn ní ọ̀nà ìpè méjì, Nippon àti Nihon. Wọ́n gba ọ̀nà kejì, ó di nihonium. Ìjẹ̀bú kò ní ọ̀nà ìpè kejì tí a lè sá sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìkánjú kéde ijebium lórí ẹ̀rí tí kò dúró, ó ti run ún fún gbogbo ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn.

Kíkọ àbá àti dídúró dè é

Ìwé àbá kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ nọ́mbà, orúkọ, àmì, orísun tí ó bá ìlànà mu, àti ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn díẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe kọ oríkì. Nígbà tí mo parí tèmi, báyìí ni ó rí: “Fún ẹ́límẹ́ǹtì 119 a dábàá ijebium, àmì rẹ̀ Ij, láti inú orúkọ agbègbè Ìjẹ̀bú ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ilẹ̀ ìbí ọ̀kan nínú àwọn tí ó rí i. Kò sí àmì mìíràn lórí àtẹ tí ó jọ ọ́, kò sì tíì sí ẹni tí ó lo orúkọ náà fún ẹ́límẹ́ǹtì kankan.” Gbólóhùn “ọ̀kan nínú àwọn tí ó rí i” ni ó ṣì kù kí ẹnì kan mú ṣẹ.

Lẹ́yìn tí IUPAC bá ti yẹ àbá wò, wọn yóò gbé e síta fún oṣù márùn-ún kí ẹnikẹ́ni ní ayé lè sọ ohun tí ó bá ní lọ́kàn. Wọ́n gbé nihonium, moscovium, tennessine àti oganesson síta ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n sì fi wọ́n múlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Àkókò yìí ni ẹni tí ó bá mọ̀ pé orúkọ náà jẹ́ èébú ní èdè òun, tàbí pé àmì náà ti ní olówó, máa ń sọ̀rọ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Mo lẹ ijebium mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, mo kọ ọjọ́ tí oṣù márùn-ún yóò pé sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí ẹni tí ó bá ní àtakò kọ ọ́ sílẹ̀. Méjì ti wọlé títí di ìsinsìnyí. Ọmọbìnrin kan kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ará Holland ka i àti j sí lẹ́tà kan ṣoṣo, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ ní ńlá, méjèèjì ni wọ́n ń kọ ní ńlá, ó bi mí pé, “Mà, ṣé wọn kò ní máa kọ IJ?” Mo sọ fún un pé àtakò tí ó dára ni, mo sì fún un ní máàkì márùn-ún. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ó fẹ́ mọ ìdí tí ó fi jẹ́ Ìjẹ̀bú ni, tí kì í ṣe Rẹ́mọ. Mo ní 120 ṣì ṣófo. Ó ti mú àtẹ lọ sílé láti Ọjọ́bọ̀, ó ṣì ń wá àmì.